Lafiya Lau Kì í Ṣe Ìdáhùn

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun Màgàríbì

"Kì í ṣe àìsàn ló ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà Kánádà, ẹnu aláìsàn ni." Alhájì Múfútàù, aládùúgbò wa ní Sama Road lókè ọya níbí, ló là á mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Ó ti dé Mẹ́kà. Kò tíì dé Kánádà.

Ọmọ wa Ràṣídà ló fẹ́ ká wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Kánádà títí. A máa lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí ìjọba ibẹ̀ ní ká ṣe ní Àbújá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwé kan náà ni wọ́n fi ń gba àwa méjèèjì; bí wọ́n bá kọ ìyá rẹ̀, èmi náà ò lọ nìyẹn.

Alhájì gbé awò ojú mi wọ̀, ó di dókítà. "Ìyá Ràṣídà, ṣé ẹ ti ní ikọ́ ife rí? Ẹ sáà wí pé lafiya lau!"

Ìyàwó mi ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà tó ń ṣà. "Alhájì, ìkíni Haúsá ni lafiya lau, bí ẹni wí pé ara le koko. Ikọ́ lẹ bi mí. Mo ní in rí, mo lo oògùn rẹ̀ tán, ara mi sì yá. Ohun tí mo máa sọ nìyẹn."

Alhájì nawọ́ sí mi. "Haba! Ẹ fẹ́ ba ti Bàbá jẹ́ ni?"

"Bàbá ni wọ́n ń sìn mí lọ gba oògùn nígbà yẹn. Ẹ bi wọ́n bóyá kí n parọ́."

Mo kàn gba awò ojú mi ni. Gbogbo ọdún tí mo fi ṣe olùkọ́, tí mo ń kọ́ ọmọ aráyé pé ìbéèrè tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ dáhùn, n kò rí ẹni tó ṣe é tó báyìí.

Àmọ́ àpá ikọ́ náà ṣì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, fọ́tò àyà tí wọ́n máa yà ní Àbújá á sì gbé e jáde. Ṣé àìsàn ni wọ́n máa kà á sí, àbí ìwòsàn?