Ọsàn Ẹ̀yìn Ààrò

Ọjọ́ Ajé, 29 oṣù Karùn-ún

Takuro ọmọ mi ti pinnu. Ó ní òun máa gé igi ẹ̀yìn ààrò tí a fi ń se omi ilé ìwẹ̀ wa. Ibẹ̀ lòun fẹ́ kọ́ yàrá ẹ̀rọ ìfọṣọ sí, kí àwọn oníbàárà lè máa fọṣọ bí wọ́n bá ti ń wẹ̀ lọ́wọ́. Káfíńtà ń bọ̀ lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òun fẹ́ ra ọṣẹ.

Mo ní, "Igi bàbá ẹ nìyẹn o."

Ó ní, "Igi wo gan-an ni, Màámi? Ẹ dárúkọ ẹ̀."

Mo ní yúsù ni, ọsàn kíkan tí òórùn ẹ̀ máa ń dùn. Ó bú sẹ́rìn-ín. Yúsù tí kò ní òórùn yúsù! Yúsù tí èèpo ẹ̀ ń dán! Àwọn obìnrin ń ráhùn lọ́dọọdún tí a bá dà á sínú omi ìwẹ̀ lọ́jọ́ tí ojúmọmọ kúrú jù nígbà òtútù, wọ́n ní ó ń yún àwọn lára. Ó wá ní bí mo bá lè sọ orúkọ igi náà fún òun kí káfíńtà tó dé, orúkọ tó dájú, òun á gbé yàrá ìfọṣọ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì ilé.

Ó rò pé àwàdà lòun ń ṣe. Mo kọ ọ́ síbí kó má baà jẹ́ pé ó máa sẹ́.

Dákẹ́ ló gbìn ín, lọ́dún tí bàbá ẹ̀ fa ilé ìwẹ̀ lé e lọ́wọ́. Orúkọ tí mo fún ọkọ mi nìyẹn láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ, ó sì bá a mu. Kò sọ irú igi tó jẹ́. Èmi ni mo sọ pé yúsù ni. Ìgbà tí ọsàn kíkan bá so nígbà òtútù nílé ìwẹ̀, kí ni ènìyàn tún fẹ́ pè é? Ní Sendai wa yìí, tí yìnyín ń jẹ igi ẹlòmíràn run, kò kú. Iná ògiri ààrò ló ń yá.

Ọjọ́rú, 31 oṣù Karùn-ún

A ò ṣí lónìí. Mo gbé àga sídìí igi. Òdòdó ti yọ, funfun, òórùn ẹ̀ dùn débi pé mo jókòó títí ìdí fi ń ro mí.

Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àwọn ọsàn ọdún tó kọjá tí a ò ká — wọ́n pọ́n lọ́dún tuntun, mo fojú mi rí i. Lónìí, àwọ̀ ewé ti ń padà sára wọn láti ìdí. Mo yọ dígí ojú mi, mo nù ún, mo tún wò. Àwọ̀ ewé ni.

Bí mo bá sọ fún Takuro, á ní orí mi ti ń dàrú.

Ọjọ́ Ẹtì, 2 oṣù Kẹfà

Ó ti dé ìdajì. Mi ò tíì sọ fún ẹnì kankan.

Ọjọ́ Àìkú, 4 oṣù Kẹfà

Ẹnu mi ò gbà á mọ́. Mo gbé ọsàn méjì wọ ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin, mo nà án sí wọn nínú omi. Hà! Ariwo.

Ìyá Onodera — Gbogbo-Mọ̀ lorúkọ tí mo fún un — ló kọ́kọ́ ké. "Ọsàn òyìnbó ni! Mo ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n."

Ẹnì kan ní, "Òyìnbó wo? Ẹ̀gún ara ẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi ń ṣọgbà lé olè ni."

Gbogbo-Mọ̀ ní, "Èmi tí mo bí ọmọ márùn-ún, ṣé èmi ni mi ò ní mọ ọsàn?"

"Ṣé ọsàn lẹ bí ni?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin lódì kejì ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé kí ló dé. Inú mi dùn, àmọ́ mi ò rí orúkọ.

Gbogbo-Mọ̀ yìí kan náà ni mo fura sí nípa kọ́kọ́rọ́ àpótí bàtà kẹtàdínlógún lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn oníbàárà ń ti bàtà wọn mọ́. Pátákó kékeré lásán ni, nọ́ńbà wà lára ẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́ta tó ti sọnù. Àpótí yẹn ló sì fẹ́ràn jù. Mi ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé.

Ọjọ́rú, 7 oṣù Kẹfà

Takuro mú Ọ̀gbẹ́ni Chiba wá, ẹni tó ń tún ọgbà àwọn èèyàn àdúgbò ṣe. Baba Alálùmọ́gàjí ni mò ń pè é. Ó yí igi po lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní yúsù tó ti darúgbó ni, àìsàn ló mú un. Ọsàn tó pọ́n tí àwọ̀ ewé tún padà sí lára, kí ló tún lè jẹ́ bí kì í ṣe àìsàn? Ó ní ká tètè gé e kó má ran igi àwọn ará ilé kejì.

Takuro ò yọ̀ mí. Ó kàn ní, "Ẹ ti gbọ́, Màámi." Ì bá sàn kó yọ̀ mí.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Kẹfà

Mi ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi igi. Kò fèsì. Ó jọ ẹni tó gbìn ín.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Kẹfà

Òjò ti bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí kì í dá. Mo gé ọsàn kan. Kóró pọ̀ nínú ẹ̀ ju omi lọ. Ó kan, ó korò díẹ̀ — mo fún un sórí ẹja sísun. Mo jẹ tèmi, mo dúró díẹ̀ bóyá màá kú. Mi ò kú. Mo gbé ti Takuro síwájú ẹ̀.

Ó jẹ ẹ́ tán. Ó ní, "Kí lẹ fún sórí ẹja yìí?"

Mo ní, "Àìsàn."

Ó wò mí, ó na abọ́ sí mi. "Ẹ fi àìsàn díẹ̀ sí i."

Inú ẹ̀ dùn, mo wá rò pé àkókò nìyí. Mo ní kí ló dé tí ọkàn ẹ̀ fi le sí igi bàbá ẹ̀ báyìí. Ó gbé igi ìjẹun kalẹ̀. Ó ní, "Màámi, mo fi iṣẹ́ Tokyo sílẹ̀, mo wálé wá gba ààrò lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ kìíní ọdún. Kí ni wọ́n sọ fún mi? 'Fi igi sí i.' Ó tán. Oṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n kú. Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá wọ́n tiẹ̀ fẹ́ kí n padà wá."

Èmi náà wà níbẹ̀. "Fi igi sí i" náà ló sọ lóòótọ́. Ó dùn mí dé egungun pé ọmọ mi ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri lọ́dún mẹ́ta àti ààbọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 18 oṣù Kẹfà

Ìwé, mú ara dúró. Mo ti gbọ́ orúkọ ẹ̀!

Ìyá àgbà kan wọlé ní ìrọ̀lẹ́, Toyoko lorúkọ wọn, ará Wakayama lápá gúúsù lọ́hùn-ún, wọ́n wá wo ọmọ-ọmọ wọn tuntun. Wọ́n á tó ọmọ ọgọ́rin ọdún. Ọsàn wà nínú apẹ̀rẹ̀ níwájú mi níbi tí mo ti ń gba owó. Wọ́n mú ọ̀kan, wọ́n ha èèpo ẹ̀, wọ́n gbóòórùn ẹ̀. Wọ́n ní, "Sendai náà ní èyí?"

Mo ní, "Yúsù wa ni, Màmá. Ara ẹ̀ ò yá."

Ẹ̀rín pa wọ́n, wọ́n fìdí lélẹ̀. "Ta ló sọ fún ọ pé yúsù ni? Ìwọ obìnrin yìí! Kí lo máa ń gbé sórí àkàrà ìrẹsì lọ́dún tuntun?"

Mo ní ọsàn oníke, èyí tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti pé ogún ọdún tí mo ti ń lo ọ̀kan náà.

"Ọsàn wo ni wọ́n wò ṣe oníke yẹn?"

Mo sáré wọlé, mo tú dúrọ́ọ̀, mo gbé e wá. Mo fi wọ́n wéra. Ìbejì! Wọ́n ní dáídáì ni! Ogún ọdún ni mo fi ń nu eruku lára ike, tí ojúlówó ẹ̀ ń so lẹ́yìn ilé mi!

Wọ́n ní kì í ṣe àìsàn rárá. Bó ṣe rí nìyẹn: bí ẹ ò bá ká a, kì í jábọ́. Ìgbà ooru dé, àwọ̀ ewé á padà. Òtútù dé, á tún pọ́n. Ti èṣí, ti ìdúnta, ti ọdún yìí, gbogbo wọn á jọ wà lórí igi kan. Ìdí nìyí tí a fi ń gbé e sórí àkàrà ọdún tuntun. Orúkọ ẹ̀ gan-an, dáídáì, bó bá ti bọ́ síni létí, ìran dé ìran lèèyàn gbọ́ lédè wa.

Lọ́dún tí bàbá ọkọ mi fa ilé ìwẹ̀ lé e lọ́wọ́ ló gbìn ín. Dákẹ́! O mọ̀ ọ́n! O jẹ́ kí n máa dà á sínú omi bí yúsù, o ò lanu!

Ọjọ́ Ajé, 19 oṣù Kẹfà

Takuro ò gbà. Ó ní orúkọ tó dájú lòun wí. Ó ní Ìyá Wakayama ò tiẹ̀ rí igi, ọsàn inú apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n rí. Ó pe Baba Alálùmọ́gàjí lórí fóònù. Ìyẹn ní dáídáì kì í gbé Sendai, òtútù á pa á, ká fi ọsàn kan tó ti la òtútù méjì kọjá han òun.

Ibo ni màá ti rí ìwé ọjọ́ orí ọsàn? Àwọn tọ́wọ́ ń tó là ń ká. Tòkè nìkan ni a kì í fọwọ́ kàn, Dákẹ́ ò gbà fún wa.

Tòkè.

Ọjọ́rú, 21 oṣù Kẹfà

Mo gbé àkàbà jáde láàárọ̀. Ẹsẹ̀ kejì ni mo wà tí Takuro fi sáré dé. "Màámi! Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin! Ẹ sọ̀kalẹ̀ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí." Ó gùn ún fúnra ẹ̀, ó ń kùn. Mo di àkàbà mú. Ẹ̀gún gún un, ó ké. Ẹ̀gún tún gún un, ó bú igi. Mo rẹ́rìn-ín.

Lójijì ó fọwọ́ ya ewé sọ́tọ̀.

Ó ní, "Màámi. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún wà níbí."

Mi ò lóye. Ó ní kọ́kọ́rọ́ àpótí bàtà ni, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn ńlá kan tí èèpo ẹ̀ ti le kókókó. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ta kókó okùn ẹ̀. Ó ní ìlọ́po méjì, etí okùn wà lápá òsì. Bí Dákẹ́ ṣe ń di igi ìdáná nìyẹn. Kò sẹ́lòmíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀.

Ó ní wọ́n fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn ẹ̀. Mo ní kó kà á. Ó kà á:

"Ọjọ́ kìíní ọdún. Takuro gba ààrò. Inú mi dùn. Ẹ má ká a."

Mi ò tíì rí i kí Dákẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Takuro ò tètè sọ̀kalẹ̀. Ó ní òjò ló wà lójú òun. Òjò ti dá láti àárọ̀. Mo di àkàbà mú, mi ò bá a jiyàn. Èmi náà ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín, àwọn méjèèjì pọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Kẹfà

Takuro ti pe káfíńtà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ilé.

Baba Alálùmọ́gàjí wá fojú ara ẹ̀ rí ọsàn tó ti la òtútù mẹ́ta kọjá. Ó ṣí fìlà fún igi. Ó ní ogójì ọdún lòun ti ń gé igi ní Sendai, òun ò rí irú ẹ̀ níta rí. Ó tọrọ kóró méjì lọ gbìn. Mo ní kó kọ́kọ́ lọ kọ́ ààrò.

Ọsàn oníke ti di ti ọmọ-ọmọ Ìyá Toyoko. Ó ti ń gé e jẹ báyìí, kò sí eyín lẹ́nu ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 23 oṣù Kẹfà

Mo ra àkàrà ẹ̀wà pupa fún Gbogbo-Mọ̀. Ó wò ó, ó wò mí. "Kí ni mo ṣe?"

Mo ní, "Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Takuro ò mú pátákó náà wálé. Ibi tí bàbá ẹ̀ so ó sí ló fi í sí. Mo bá kọ ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu àpótí: *Nọ́ńbà kẹtàdínlógún ò ní kọ́kọ́rọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi bàtà yín síbòmíràn.*