Orúkọ Ràzákì Kò Ní Padà

                                        Ikpinlè,
                                        Adja-Ouèrè.
                                        13 Oṣù Kẹfà, 2025.

Prisca, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Fabrice àti àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òjò o. Àlàáfíà ni a wà, àmọ́ inú ń bí mi, ìwọ ni màá sì rò ó fún.

O mọ̀ pé èmi ni mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn mẹ́ta tí Bàbá Àkànmú, àbúrò bàbá mi, dá sílẹ̀ níbí, ní Kpoulou àti ní Adja-Ouèrè. Ràzákì, àbúrò ìyàwó wọn, bá wa ṣiṣẹ́ rí. Nígbà tó lọ, a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ ibí àti ti Adja-Ouèrè, ṣùgbọ́n ti Kpoulou wà síbẹ̀, torí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló ń tọ́jú orúkọ tirẹ̀. Àṣé ibẹ̀ ni aláìnítìjú náà ń gbà wọlé láti ilé rẹ̀, tó ń ka àìsàn àwọn èèyàn! Ó ka ti obìnrin kan, ó lọ tú u fún ará ilé ọkọ rẹ̀. Má bèèrè orúkọ obìnrin náà o, ìwọ náà ò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Láti ìgbà náà, obìnrin náà kò wá gba oògùn mọ́.

Mo bá kó orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ síbì kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n ń pè ní annuaire. Báyìí, kí ẹ̀rọ kankan tó ṣí ìwé aláìsàn fún ẹnikẹ́ni, yóò kọ́kọ́ bi annuaire pé ta nìyí, kí ló sì yẹ kó rí. Mo yọ Ràzákì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló tì mọ́ ọn.

Ló bá sáré lọ bá Bàbá. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n dá orúkọ rẹ̀ padà, pé a kì í ti àna mọ́ta. Mo kúnlẹ̀, mo ní rárá. Wọ́n ní ó dáa, kí n fún un ní kóòdù tèmi. Mo ní ohun tó bá fi ṣe, orúkọ mi ni ẹ̀rọ yóò kọ sí i. Wọ́n jágbe mọ́ mi pé ta ló fún mi níṣẹ́. Mo ní ẹ̀yin ni, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ló ni àìsàn rẹ̀. Wọ́n ní tí ó bá di ọjọ́ Ajé tí orúkọ Ràzákì ò sí níbẹ̀, kí n kó ẹrù mi.

Ìyá mi ní kí n lọ tọrọ àforíjì. Àforíjì kẹ̀? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n ni wọ́n fi dá Ifẹ̀.

Lánàá mo gun ọ̀kadà zém lọ bá obìnrin náà, mo sọ ohun tí mo ṣe. Ó wojú mi títí, ó ní, “Kò lè ka tèmi mọ́?” Mo ní kò lè kà á láé. Láàárọ̀ yìí, ó wá gba oògùn rẹ̀.

Nítorí náà, tún yàrá kan ṣe dè mí nílé yín. Bí wọ́n bá fẹ́ yọ orúkọ kan lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n yọ tèmi. Ẹni tó bá sì fẹ́ dá ti Ràzákì padà, kó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kó wá lọ wo obìnrin yẹn lójú.

Bá mi kí Màmá àti Fabrice, kí o gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi.

                                        Olóríkunkun ọ̀rẹ́ rẹ,
                                        Ìyábùnmi.