Sí Mùnírátù, Lórí Ipò Tí Mo Dù

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Àdúgbò Ìlódè,
                                        Ilé-Ifẹ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin, ọdún 2023.

Mùnírátù mi ọ̀wọ́n, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe,

Ẹ kú ààwẹ̀ o. Báwo ni Ìlọrin, báwo sì ni oòrùn ibẹ̀ ṣe ń ṣe yín? Kí Ọlọ́run gbà á ní ìbáadà. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé Abdulwaheed ti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì pariwo, nítorí lójú mi, àná ni a sọ ọ́ lórúkọ. Orúnkún màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń fúyẹ́? Àwa náà wà dáadáa níbí. Adéolúwa, ọkọ mi, ní mo ti rù, pé kí n jẹun dáadáa. Mo ń jẹun.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lo ti bi mí lórí fóònù bí ìbò ṣe lọ, tí mo ń ní màá ṣàlàyé. Fóònù ò gba ọ̀rọ̀ náà ni. Mo wá ní kí n jókòó kọ ọ́ sílẹ̀, bí a ti máa ń ṣe lẹ́yìn tí ẹ kó lọ.

Láti ìgbà tí mo ti gbé àpótí ìbò ni ìgbà èwe wa kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ṣé o rántí bí a ṣe máa ń fẹsẹ̀ rìn láti ilé ìwé wá sílé yín? A ò tilẹ̀ mọ ibi tí Ifẹ̀ parí sí tí Modákẹ́kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú títì kan ṣoṣo ni lójú wa, ohun tó sì jẹ wá lógún níbẹ̀ ni ìyá tó ń din mọ́sà lábẹ́ igi máńgòrò. Ìjà wá dé. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wá. Mo ṣì ń rí ọkọ̀ akẹ́rù tí bàbá rẹ kó ẹrù sí, àti ìwọ lórí mátírẹ́ẹ̀sì, tí bàtà ilé ìwé mi wà lẹ́sẹ̀ rẹ nítorí a ò rí tìrẹ. O ò juwọ́ sí mi. Èmi náà ò juwọ́. Bóyá a rò pé a ó ríra lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

O mọ iṣẹ́ Tètèdé, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ wa tó ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n n kò tíì sọ ohun tó fà á fún ọ rí. Ní ọdún 2014, tí mo ṣì ń ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n gbé aláboyún kan dé ọ̀dọ̀ wa nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Awakọ̀ méjì ti kọ̀ láti gbé e, torí pé ará àdúgbò òdìkejì ni. Ìjà ti parí láti bí ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà o! Ìyá rù ú là, ọmọ kò yè. Mo kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo ń ti ibùdó takisí kan bọ́ sí òmíràn, mo ń bẹ àwọn awakọ̀ Ifẹ̀ àti ti Modákẹ́kẹ́ pé kí wọ́n máa gbé aláboyún yòówù tó bá pè. Ọdẹ́wálé, ará Ìlódè níbí, ló kọ́kọ́ gbà. Lónìí wọ́n lé ní ogójì.

Àwọn ìyá tí wọ́n ti gbé ló ní kí n lọ du ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Mo kọ̀, mo kọ̀, mo wá gbà. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a dìbò, Olóyè Láoyè, aṣíwájú ẹgbẹ́ wa, pè mí sílé rẹ̀ ní àdúgbò Mayfair níbí. Ó bu omi tútù fún mi, ó ní, "Ọmọ mi, àwọn èèyàn ń kùn. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Modákẹ́kẹ́ lo kúkú ń gbé. Fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àwọn yẹn ò ní dìbò fún ọ, àwọn tiwa á sì bínú."

Mo ní, "Bàbá, ẹ mọ̀ pé ibi méjèèjì ni iṣẹ́ mi wà."

"Iṣẹ́ nìyẹn," ó ní. "Ìbò nìyí."

Ọjọ́ méjì ni mo fi rò ó. N kò fẹ́ fìdí rẹmi, Mùnírátù, n kò ní purọ́ fún ọ. Ní ọjọ́ kẹta, mo wọ ọ̀kadà, mo lọ sí àdúgbò yín ní Modákẹ́kẹ́. Mo wá ilé yín títí. Ilé alájà kan ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló kún inú rẹ̀, wọ́n sá aṣọ káàkiri. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ fún àwọn tó péjọ, ọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ṣé ìfẹ́ ló gbé yín wá ni, àbí ìbò?" 

Bẹ́ẹ̀ ni Àǹtí Hàjàrá, àbúrò bàbá rẹ, ṣe fi ọ̀pá rìn jáde. Wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Bọ́lá? Ìwọ kọ́ lo máa ń bá wa gbààwẹ̀ dé aago méjìlá ọ̀sán, tí wàá ní Ọlọ́run ti rí ọ tó?"

Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Wọ́n fà mí jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ rẹ nìkan ni wọ́n sì ń bi mí, wọn ò mẹ́nu kan ìbò.

Ẹnì kan ya fọ́tò wa. Kí n tó délé, ó ti wà lórí Wasáàpù. Lọ́jọ́ kejì, Ọdẹ́wálé wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Àǹtí, ìjà yẹn ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Mo lè gbé aláboyún wọn, ọmọ inú kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí ẹ máa bá wọn rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò!" Ó bọ́ síta, ó ya pósítà mi kúrò lára ọkọ̀ rẹ̀, ó sì bá ẹlòmíràn polongo.

Mo fìdí rẹmi. Ìbò okòólénígba ó lé díẹ̀ ni wọ́n fi jù mí lọ. Ní ibùdó ìdìbò ẹnu ọ̀nà ilé mi níbí, ipò kẹta ni mo wà. Ní ibùdó tí Àǹtí Hàjàrá ti dìbò, èmi ni mo ṣe ipò kìíní. N kò tíì mọ èyí tó yẹ kí n sunkún lé lórí nínú méjèèjì.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n pè wá láti àdúgbò yín pé obìnrin kan ń rọbí. Epo bẹtiróòlù wọ́n, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló wà nílẹ̀. A pe awakọ̀ mọ́kànlá. Ọdẹ́wálé nìkan ló gbé fóònù.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, kò wọlé.

"Mi ò dìbò fún yín, Àǹtí."

"Mo mọ̀."

"Mo sì lè má dìbò fún yín lọ́jọ́ mìíràn."

"Mo gbọ́."

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. "Ìbejì ló bí. Wọ́n ní kí n gbé ọ̀kan dání. Mo gbé e."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi kúnlẹ̀ kí màmá. Gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Àǹtí Hàjàrá ní kí n bi ọ́ ìgbà tí o máa wálé, mo sì ti sọ fún wọn pé lẹ́yìn ìtúnu ààwẹ̀ ni. Má sọ mí di òpùrọ́.

Tìrẹ ni mí, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó,

Bọ́látitó Lágúnjú.