Wọ́n Ti Gbálẹ̀ Kí Awòfò Tó Dé

                                        Ilé Oníjókòó,
                                        Ẹ̀gbẹ́ Ilé Epo.
                                        Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Télọ̀ mi àtàtà, ọ̀rẹ́ àtìgbà tí a kò tíì ní bàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ọmọ tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì rẹ ya àwòrán sára ògiri ńkọ́? Ojú rẹ ńkọ́, ṣé ó ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́, àbí ìyàwó ló ń bá ọ ki òwú bọ̀ ọ́? Tèmi ò le. Ara mi le bí àga tí mo fọwọ́ ara mi kàn. Bí mo bá ń kọjá ládùúgbò, àwọn tó jókòó máa ń dìde. Kì í ṣe ọ̀wọ̀ nìkan o. Wọ́n mọ̀ pé màá yẹ ìdí àga náà wò bóyá ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ti rà á.

Má bínú bí ìkọ̀wé mi bá rí wọ́gọwọ̀gọ. Nǹkan kan ń gún mi nídìí bí mo ṣe jókòó yìí. Kì í ṣe ẹ̀bi àga, nítorí èmi ni mo kàn án. Màá sọ ohun tó jẹ́ kí n tó dákẹ́.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọmọbìnrin rẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé ti rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, pé wọ́n fẹ́ kó máa lọ wo ilé tó jó, mọ́tò tó forí sọ igi àti ọjà tí omi bà jẹ́, kó sì sọ iye tó yẹ kí wọ́n san fún ẹni tó ni í. O ní o kò fẹ́. O ní kí obìnrin máa bá ẹni tí ilé rẹ̀ jó jiyàn kì í ṣe iṣẹ́ ọmọlúàbí, kó kúkú wá jókòó tì ọ́ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọmọ náà ní òun ò ní ṣàìgbọràn sí ọ, ṣùgbọ́n kí ẹ jọ gbọ́ ohun tí èmi bá wí, nítorí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn. Ẹ ṣeun tí ẹ mọ ibi tí ọgbọ́n ń gbé. Ìwé méjì péré ni mo kà kí olùkọ́ tó ní kí n máa lọ sílé, ṣùgbọ́n àwọn tó kàwé tán, orí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń gbé ìdí lé báyìí.

Ó sì ṣẹlẹ̀ pé mo mọ iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan nínú wọn wá sọ́dọ̀ mi lóṣù tó kọjá.

Ìjì kan ló jà. Ó ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀bù mi bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò, òjò wá da ara rẹ̀ sórí àga olówó ńlá. Inú mi ò tilẹ̀ bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń sanwó fún àwọn onínṣọ́ránsì tí n kò rí nǹkan kan gbà. Mo ní ọjọ́ wọn ti pé wàyí. Mo pè wọ́n, wọ́n ní àwọn yóò rán ẹnì kan wá wo òfò náà.

Ìyàwó mi gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀. Télọ̀, o ṣáà mọ ìyàwó mi. Bí o bá ní olè ń bọ̀, á kọ́kọ́ gbálẹ̀ dè é. Ó ní ṣé irú ibi báyìí ni àlejò yóò bá wa, kó lọ máa sọ níta pé orí àkìtàn ni Ọ̀gá Oníjókòó ń gbé? Ọ̀rọ̀ orúkọ nìyẹn, mi ò lè dá a dúró. Mo kó àwọn oníṣẹ́ mi jọ. A kan páànù tuntun, a kun ògiri, a tú fóòmù tó rin gbingbin dànù kúrò nínú àga, a fi tuntun sí i, a nu igi wọn títí tó fi ń dán. Kí awòfò tó dé (bí ìyàwó mi ṣe ń pè é nìyẹn), ṣọ́ọ̀bù mi ti dára ju bó ṣe wà kí ìjì tó jà lọ.

Ọmọbìnrin ni awòfò, kò lè ju tìrẹ lọ púpọ̀. Ó wọ bàtà funfun, ó gbé àpò kọ́ èjìká, téèpù bíi tìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kí mi bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó yí ṣọ́ọ̀bù po, ó tún un yí po. Ó wá rọra bi mí pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni ìjì náà ti jà?"

Ìbéèrè yẹn kò dùn mọ́ mi. Ó dà bí ẹni pé mo pa irọ́. Mo bá gbé àyà sókè. Ó bèèrè bóyá omi ba àwọn àga jẹ́. Mo ní omi wo? Mo ní àga tèmi, bí o bá sọ ọ́ sódò, odò ni yóò kọ́kọ́ gbẹ. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó bèèrè bóyá wọ́n ti ń gbó kí ìjì tó dé. Mo ní àga mi kì í gbó, ẹni tó jókòó lé e ló ń gbó. Ó kọ ọ́. Ó bèèrè bóyá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan. Mo ní láti ọjọ́ tí mo ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, iṣẹ́ mi kò dúró rí. Mo ń sọ, ó ń kọ, ara mi ń yá gágá; mo rò pé ọlá mi ló ń kọ jọ. Ìyàwó mi dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tí ata ta sí lójú. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń pa á.

Nígbà tó yá, ọmọ náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní, "Bàbá, bí mo bá kó ohun tí ẹ sọ yìí fún ọ̀gá mi, ẹ̀yin ni wọ́n máa ní kí ẹ wá sanwó fún wa."

Àṣé bí ẹnu mi ṣe ń pọ́n mi lé, bẹ́ẹ̀ náà ló ń kó mi lówó lọ. Mo yí ohùn padà kíá. Mo ní ìjì náà burú, mo ní díẹ̀ ló kù kó gbé èmi náà lọ. Ó ń wo ògiri tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ó ní òun ò lè kọ òfò tí ojú òun kò rí. Mo fa àpótí ìjókòó kékeré kan jáde, mo ní kó mú un lọ fún ìyá rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó lé e, ó ní ó mà rọ̀ o, ó sì dìde, ó fi í sílẹ̀. Ó ní ìjókòó kan ṣoṣo ni òun ní níbi iṣẹ́, kí èmi má fi tèmi gba ìyẹn lọ́wọ́ òun.

Ó wá bèèrè ibi tí páànù àtijọ́ wà. Ìyàwó mi ní a ti fi bo ilé adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Télọ̀, ọmọ náà bọ́ bàtà funfun, ó tẹ̀ ba, ó wọ ilé adìyẹ lọ. Àkùkọ mi sọ ọ́ lẹ́sẹ̀, kò jáde. Ó ya fọ́tò ibi tí ìjì ti ká páànù bí ewé, ó ya ibi tí ìṣó ti fà ya, ó wọn gbogbo rẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ìyẹ́ adìyẹ lórí, ó ní òun ti rí òfò báyìí. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Tèmi fọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù, òun ló lọ bá mi ṣa èyí tó ṣe é ṣà nínú ilé adìyẹ.

Mo bi í pé, "Ṣé wàá fi ti àga kún un?"

"Àga yín kì í bàjẹ́ nínú omi, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́."

Wọ́n sanwó òrùlé. Ti àga, òfo. Ìyàwó mi ní ẹnu mi ló fà á, mo ní ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni. A kò tíì parí ẹjọ́ náà di òní.

Kí ó tó lọ, mo bi í léèrè owó oṣù rẹ̀, nítorí àgbà kì í tijú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó ní ti ìbẹ̀rẹ̀ kò sanra: ó tó ẹni kan jẹun, ó tó san owó ilé, bí onítọ̀hún kò bá ti ń ṣe fàájì ju agbára lọ. Ṣùgbọ́n kì í yẹ̀ ní ìparí oṣù, wọ́n sì ń san owó mọ́tò lọ́tọ̀. Bí èèyàn bá yege ìdánwò wọn, owó á gòkè. Ẹni tó bá pẹ́ níbẹ̀ lè di ọ̀gá lórí àwọn awòfò yòókù. Àwọn mìíràn a jáde lọ dá ọ́fíìsì tiwọn sílẹ̀, ilé iṣẹ́ bíi mẹ́ta mẹ́rin a sì máa bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Mo ní ṣé iṣẹ́ náà kò ní tán lọ́jọ́ kan? Ó ní iná, omi àti awakọ̀ tó ń sùn kò tíì sọ fún àwọn pé wọ́n fẹ́ sinmi. Mo ní mo gbọ́ pé ẹ̀rọ ń wo fọ́tò mọ́tò tó tẹ̀, tó sì ń sọ iye owó rẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, àwọn òfò wẹ́wẹ́ ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹni tó bá kàn jókòó sí ọ́fíìsì tó ń wo fọ́tò, kó máa bẹ̀rù. Ó wá gbọn ìyẹ́ kúrò lórí, ó ní ẹ̀rọ wo ló máa wọ ilé adìyẹ?

Mi ò ní fi èyí tó korò pa mọ́ fún ọ. Ó ní àwọn kan ń ṣépè fún òun, àwọn kan ń sunkún sí òun lára, inú mọ́tò ni òun sì ti ń jẹun ọ̀sán.

Síbẹ̀, jẹ́ kí ọmọ lọ. O ní á máa bá ẹni tó wà nínú òfò jiyàn. Èyí tó wá síbí kò bá mi jiyàn. Èmi ni mo bá ara mi jiyàn, mo sì borí. Ó lè wo ọ̀dà tútù yẹn kó kọ "kò sí nǹkan", kó bá tirẹ̀ lọ. Ó wọ ilé adìyẹ. Ọmọ tìrẹ sì ni ẹni tí oníbàárà wá bi léèrè aṣọ, tí ìwọ ti sọ fún wọn pé bọ́tìnnì nìkan ló kù, tó sì dá wọn lóhùn pé, "Bàbá mi ò tíì gé e rárá." Irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi, o fẹ́ mú un jókòó sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀? Kó tó pé oṣù kan, á ti lé gbogbo oníbàárà rẹ lọ tán. Àwọn onínṣọ́ránsì ń fẹ́ sanwó fún un lórí ìwà tó lè sọ ìwọ di akúṣẹ̀ẹ́. Gbà fún wọn.

Ohun tó ń gún mi nìyí o. Lánàá, lọ́rì kan ń fi ẹ̀yìn rìn, ó wọ iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Gíláàsì wà káàkiri ilẹ̀, àga mẹ́ta ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀. Awòfò ń bọ̀ lọ́la. Láti àárọ̀ ni ìyàwó mi ti ń wá ìgbálẹ̀. Ó ti wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó ti wo abẹ́ tábìlì, ó ti bi mí, mo ní mi ò rí i. Abẹ́ tìmùtìmù tí mo jókòó lé ló wà.

Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, kí o sì sọ fún awòfò tuntun wa pé bí wọ́n bá rán an sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan, kó má pè mí ní bàbá títí tí á fi wọn nǹkan tán, kí wọ́n má baà ní ojúsàájú ló ṣe. Ìyàwó mi ń kí yín. Ó ń bọ̀ wá báyìí, ó ní kí n dìde díẹ̀ kí òun bá mi gbọn tìmùtìmù.

Mi ò dìde.

Èmi ni tìrẹ, lórí ìjókòó,
Ọ̀gá Oníjókòó.