Ìbéèrè Kọkànlélógójì

Yàrá Kejìlá, Àjà Kẹta,
Ilé Ìwádìí Àwùjọ.
Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsinmi, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Ṣé dáadáa ni ilé wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Ṣé àbíkẹ́yìn ti jáwọ́ nínú fífi eyín tuntun gé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jẹ? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Oorun nìkan ni n kò rí sùn tó, ayọ̀ ló sì fà á.

Mo mọ̀ pé ẹ ó máa wò ó pé kí ló dé tí n kò fi pè yín lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ yín. Bí mo bá pè yín, kí n tó dé gbólóhùn kejì ẹ ó ti já lu ọ̀rọ̀ mi, ẹ ó ti bi mí bóyá mo ti jẹun, ọ̀rọ̀ á sì gba ibòmíràn lọ. Ìwé kò ṣeé já lù. Nítorí náà ẹ wá ibi jókòó sí, ẹ bọ́ bàtà iṣẹ́ yẹn, kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ẹ̀yin náà lẹ máa ń sọ pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe kò ju òfófó tí wọ́n ń gba oyè lé lórí lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òfófó náà ti so èso o!

Kí ẹ lè mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti ń wá ọ̀nà láti mọ ohun tí ayé tó ń yí bírí yìí ń sọ ìdílé dà. Bó ṣe ń ṣe é kò le. Ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá, a ó padà sí irínwó ẹnu ọ̀nà kan náà, a ó kan ilẹ̀kùn, a ó sì béèrè ogójì ìbéèrè kan náà. A kì í yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò, a kì í fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà pé ẹni tó bá pààrọ̀ ìbéèrè ti fi ọjọ́ kan ba iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún jẹ́. Nígbà tí a bá sì ka ìdáhùn tán, yóò yọ awò ojú rẹ̀, yóò ní, “Ẹ tún un kà.” A ó tún un kà, yóò sì ní kí a tún un kà. Bàbá Ẹ-Tún-un-Kà ni à ń pè é lẹ́yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kó ta sí i létí.

Ìbéèrè keje ni ọba gbogbo wọn: ènìyàn mélòó ló sùn nínú ilé yìí lánàá? Ní ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, bí a bá pín in dọ́gba, ènìyàn méje ló ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yìí ó ti di méjì, níbi púpọ̀, ẹnì kan ṣoṣo la sì ń bá. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, ó ti sọ ọ́ lórúkọ, Ìdílé Ti Tú Ká. Lánàá Ọjọ́bọ̀ ló yẹ kó kà á níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé tó ti orílẹ̀-èdè bíi ogún wá. Èmi sì rèé, tí ìwé oyè mi wà lórí tábìlì rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta, tó ń retí ìbuwọ́lù.

Nínú yàrá iṣẹ́ wa, àríyànjiyàn kì í tán. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, onímọ̀ ìtàn ni, ó máa ń sọ pé kò sí ohun tuntun kan lábẹ́ ọ̀run, pé láti ìgbà tí ènìyàn ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi ni ìdílé ti ń tú tó sì ń kó ara rẹ̀ jọ. Oníkọ̀ǹpútà wa á ní irọ́ ni, pé eré tí ayé ń sá lónìí kò ní ẹlẹgbẹ́, pé ohun tó gba àwọn bàbá wa ní ogún ọdún ń gba àwa ní ọ̀sẹ̀ méjì. Èmi máa ń bu búrẹ́dì mi jẹ, mo máa ń gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnu ọ̀nà mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù fún mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìyá aránṣọ kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Yàrá rẹ̀ kò tóbi. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan wà lójú fèrèsé, apẹ̀rẹ̀ kan kún fún àjákù aṣọ, téèpù kọ́ sára ògiri, fóònù kan tí ojú rẹ̀ ti sán sì fara ti kẹ̀kẹ́ òwú ńlá kan. Mo kí i, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, òun náà sì ń rán aṣọ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a dé ìbéèrè keje, ó ní òun nìkan lòun sùn. Mo kọ ọ̀kan.

Bí mo ṣe fẹ́ ṣí ojú ìwé kejì, ohùn kan jáde láti inú fóònù náà: “Màámi, abẹ́rẹ́ yẹn ti tẹ̀ o. Ẹ yọ ọ́ kó tó ṣẹ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi, mo fò sókè! Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni. Oníbúrẹ́dì ni ọmọ náà, ó ń po ìyẹ̀fun ní orílẹ̀-èdè tí òkun wà láàárín òun àti ìyá rẹ̀. Láti àárọ̀ ni fóònù ti wà ní títàn. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ o, kálukú ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ ni; ọmọ ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ, ìyá ń gbọ́ bí ìyẹ̀fun ṣe ń lu tábìlì. Ìyá yọ abẹ́rẹ́, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, lóòótọ́ ló ti tẹ̀. Èmi tí mo jókòó tì í, tí mo gbé bírò lọ́wọ́ bí ọ̀mọ̀ràn, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà ló yọjú wo ìwé mi, ó rí ohun tí mo kọ, ojú rẹ̀ sì yí padà. “Ta ni ọ̀kan?” Mo ṣàlàyé títí, ọ̀rọ̀ mi kò wọ̀ ọ́ létí. Ó ní, “Ẹ fẹ́ kọ mí sílẹ̀ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.” Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí ọkọ òun wà láyé, mọ́kànlá làwọn ń sùn nínú ilé náà, pé àwọn ènìyàn wa wá béèrè, wọ́n kọ mọ́kànlá, wọ́n tún ń yin àwọn pé ilé kún. “Nínú mọ́kànlá yẹn, bí mo bá lo ọjọ́ méjì láìfẹnu kan oúnjẹ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ta ló béèrè ìyẹn lọ́wọ́ mi?”

Ó fa téèpù rẹ̀ lára ògiri, ó nà án sí mi lójú. Ó ní ìwọ̀n tí òun gbà lára ọmọ ọdún mẹ́wàá, bí òun bá fi rán aṣọ ìgbéyàwó fún un, ta ni wọ́n máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun ni àbí ọmọ? Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín nínú fóònù, ó ní kí ìyá òun rọra, kí wọ́n fún àlejò ní tíì. Mo mu tíì náà. Nígbà tí mo jáde, orí mi ń hó débi pé mo rìn kọjá ilé méjì tó kù láìkan ilẹ̀kùn.

Lọ́jọ́ Ajé mo dìde ní ìpàdé. Mo mọ̀ pé bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá bínú, oyè mi lè di ọdún tó ń bọ̀, ó sì lè di ìgbà tí ẹnìkan kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ìyá yẹn yóò wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n pa tì, ogún orílẹ̀-èdè yóò sì gbé e lọ sílé bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, n kò ní purọ́ fún yín. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti abẹ́rẹ́. Oníkọ̀ǹpútà wa tẹjú mọ́ bàtà rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i lára.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò pariwo. Ìbá sàn ká ní ó pariwo. Ó ní òun gbọ́ ọ̀rọ̀ aránṣọ, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n bí aránṣọ bá ń pààrọ̀ téèpù nígbà gbogbo tó bá fẹ́ wọn ọmọ, báwo ló ṣe máa mọ iye tí ọmọ fi ga sí i? Mo jókòó. Mo tún dìde. Ẹ mọ agídí mi, ọ̀dọ̀ yín ni mo ti kọ́ ọ. Mo ní kí a má pààrọ̀ nǹkan kan. Kí a fi ogójì sílẹ̀ bó ṣe wà, kí a kàn fi ẹyọ kan lé e: ta ló mọ bí ẹ ṣe lo ọjọ́ àná? Mo rán wọn létí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Onímọ̀ ìtàn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní ìbéèrè náà wu òun, nítorí pé ẹni tó gbé ayé ní igba ọdún sẹ́yìn ìbá lè dáhùn rẹ̀, ẹni tí wọn kò tíì bí náà yóò sì lè dáhùn rẹ̀, bí ayé ti wù kó sáré tó. Oníkọ̀ǹpútà náà gbé ojú kúrò lára bàtà. Ọ̀jọ̀gbọ́n nu awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí tí mo fi rò pé dígí á tán níbẹ̀. Ó wá ní kí a lọ kan ọgbọ̀n ilẹ̀kùn, ọjọ́ méjì péré.

Ẹ ò bá rí wa! Ọmọdé kì í sáré tó bẹ́ẹ̀ lọ sí pápá ìṣeré. Oníkọ̀ǹpútà tó máa ń ní òun ò lè gun àtẹ̀gùn ń gun àjà márùn-ún láìmí. Ìyá aránṣọ dárúkọ ènìyàn mẹ́rin: ọmọ rẹ̀, àbúrò rẹ̀ ní ìlú mìíràn, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́, àti ará ilé kejì tó máa ń kanlẹ̀kùn bí kò bá gbọ́ ìró ẹ̀rọ láàárọ̀. Awakọ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń dá gbé, dárúkọ márùn-ún. Ṣùgbọ́n nílé kan tí ènìyàn mẹ́sàn-án ti ń wọlé tí wọ́n ń jáde, baálé ronú, ó ronú, ó ní kí n kọ pé kò sí. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n kọ bẹ́ẹ̀ fún òun náà.

Ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe pé ìdílé tú, kì í sì í ṣe pé kò tú. Ibi tó ń jókòó sí ló yí padà, àwa sì ń wá a kiri lórí àga àtijọ́. Inú mi dùn débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín lójú títì, obìnrin kan sì fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àná. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé náà ní gbọ̀ngàn! Èmi àbúrò yín! Ọ̀jọ̀gbọ́n ti fi bírò fa ìlà sí àkọlé rẹ̀, ó ti sọ ọ́ di Ṣé Ìdílé Ti Tú Ká? Wọ́n bá mi jiyàn kọjá àsìkò, àwọn kan fárígá, àwọn kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá àgbà kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá dì mí lọ́wọ́ mú pé òun máa gbé ìbéèrè náà lọ sílé. Ìwé oyè mi sì ti gba ìbuwọ́lù. Ẹ máa múra láti pè mí ní Ọ̀mọ̀wé.

Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi sọ̀rọ̀ dípò rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Òfin kan wà níbi iṣẹ́ wa: ẹnìkan kì í gbé ìbéèrè lọ síta láìkọ́kọ́ dáhùn rẹ̀ fúnra rẹ̀. Nínú ìkánjú, a ti gbàgbé. Nítorí náà, láàárọ̀ àná, nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n pín ìwé fún wa. Èmi kọ mẹ́ta, ẹ̀yin ni mo fi ṣáájú. Oníkọ̀ǹpútà kọ méjì, ọ̀kan nínú wọn ni onígbàjámọ̀ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé bírò lọ́wọ́, kò kọ nǹkan kan. Ènìyàn mẹ́jọ ló ń sùn nínú ilé rẹ̀: òun, ìyàwó, ọmọkùnrin méjì, ìyàwó ọmọ, ọmọ ọmọ mẹ́ta. Kò sí ẹni tí ìbéèrè keje fẹ́ràn tó Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Nígbà tó pẹ́, ó kọ ọ́, ó fún mi. Kò sí, ló kọ, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó máa ń gún régé. Ó ní kí n fi kún ọgbọ̀n tó wà nílẹ̀, kó di mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kí n má ṣe yọ ọ́. Ó ní kí èmi wọlé lọ bá àwọn àlejò sọ̀rọ̀. Ó ti ń wọ kóòtù rẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ń lọ, tí gbogbo ènìyàn ti jókòó. Ó ní òun ti kan irínwó ilẹ̀kùn fún ọgbọ̀n ọdún, ó ku ọ̀kan tí òun kò tíì béèrè nǹkan níbẹ̀ rí. Ó ní ìyàwó òun á wà nílé ní irú àkókò yẹn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, “Àbí ó máa ń jáde láàárọ̀? N kò mọ̀.” Ó sì yára sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín dáadáa, ẹ gbé àwọn ọmọ mọ́ra fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kí àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ yín. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ gbogbo wa.

Èmi ni tiyín, àbúrò tí ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n,
Ajíbéèrè.