Àna Wa Náà Ní Jíǹnì

Samsudeen ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, oòrùn Ìbàdàn ńkọ́? Iṣẹ́ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ láṣẹ Ọlọ́run. Koko lara àwa le, kajú sì so ní Ìwéré-Ilé lọ́dún yìí. Mi ò pè ọ́ lórí fóònù torí ẹni tínú rẹ̀ bá ń dùn kì í mọ ìgbà tí fóònù ń jẹ owó.

O rántí pé àwọn òbí Ismaheel, àfẹ́sọ́nà Waheedat àbúrò rẹ, ní àwọn ò ṣe ìgbéyàwó mọ́, nítorí Kàdírì ẹ̀gbọ́n rẹ àti àìsàn tó ń jẹ́ kó máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́. Wọ́n ní inú ẹ̀jẹ̀ wa ló wà. Waheedat sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Kàdírì, tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tó ti ń roko bíi tẹ́lẹ̀, ní ká kúkú sọ fún wọn pé òun ti kú. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé lọ. Ó ní ohun tí à ń jogún lára bàbá àti ìyá ń jẹ́ jíìnì. Mo ní jíǹnì kẹ̀, àwọn tí Áfáà ń ka Kùránì lé lọ? Ó ní rárá o, màmá. Ṣùgbọ́n èmi ti gbọ́ tèmi. Ó ní kò sẹ́ni tí kò ní wọn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Àwọn tó ń fa irú ti Kàdírì pọ̀, wọ́n wà lára gbogbo wa díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan ò lágbára, àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ̀yà, ìnira ayé sì tún lè kún un. Ó ní bí ènìyàn mẹ́wàá bá ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́sàn-án ni àìsàn náà kò ní ṣe láéláé. Ó ní itọ́ ẹnu ni wọ́n fi ń yẹ jíìnì wò.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo gbé ike bọ́tà dání, ó di Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá Ismaheel tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ tutọ́ sí i, ká ka jíǹnì tiyín mọ́ tiwa. Ọkùnrin náà gbé itọ́ mì! Ìyàwó rẹ̀ ní kó má wulẹ̀ tutọ́, àbúrò rẹ̀ tóun náà ń gbọ́ ohùn, tí wọ́n fi pamọ́ sí Ìpàpó láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Ni bàbá Ismaheel bá ní ká mú ọjọ́ ìgbéyàwó.

Samsudeen, mo borí! Orin ni mo kọ délé lórí ọ̀kadà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta òní ni yìgì.

Fi owó àgbò àti ti ìrẹsì ránṣẹ́, kí o fi ti ike kún un, torí gbogbo àdúgbò ló fẹ́ wá ka jíǹnì wọn lọ́dọ̀ mi. Ọlọ́run á jẹ́ kí tìrẹ máa bá ọ ṣe rere. Owó aṣọ ọkùnrin méjì ni kí o tètè wá o, torí bàbá Ismaheel ní òun ń mú àbúrò òun bọ̀ láti Ìpàpó, pé àbúrò náà àti Kàdírì ni yóò jọ jókòó níwájú.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùyìbátù