Wáyà Méjì Láàárín Ìyá Òkè àti Ìyá Ilẹ̀

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá Kòṣeéṣe pè mí. (Ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa ni. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kò gbọ́ rí.) Àwòrán eegun tí wọ́n ń yà nísàlẹ̀ kì í tètè dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà lókè. Bí mẹ́ta nínú wọn bá ṣí àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á kàn máa wo kọ̀ǹpútà bí ẹni ń retí òjò ni. Mo ní wáyà kan ṣoṣo ló ń gbé gbogbo ẹrù. Ká fi ìkejì kún un, kí méjèèjì máa ṣiṣẹ́ bí ẹyọ kan. Ó ní kò ṣeé ṣe. Mo ní ó ṣeé ṣe, sà. Ó fi lẹ́tà kan hàn mí tó ti kọ sí ilé-iṣẹ́ kan níta pé kí wọ́n wá gba iṣẹ́ náà. Ó fún mi di ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí kò bá bọ́ sí i, lẹ́tà á lọ, èmi náà á padà sídìí tábìlì káàdì.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi kọ káàdì aláìsàn kí wọ́n tó fi mí sídìí wáyà kọ̀ǹpútà. "Orúkọ yín? Ọjọ́ orí yín?" Mi ò ní padà síbẹ̀. Mi ò ní padà!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo ti sọ àwọn súwíìṣì lórúkọ, àwọn àpótí tí wáyà kọ̀ǹpútà gbogbo ń wọ̀. Ti ìsàlẹ̀ — Ìyá Ilẹ̀. Ti òkè — Ìyá Òkè. Kékeré inú yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ — Àbúrò. Ẹ̀yìn Ìyá Òkè ló rọ̀ mọ́: inú Ìyá Òkè ni wáyà tirẹ̀ wọ̀. Wáyà mẹ́ta ló ti òkè wá: 1 àti 2 láti ọ̀dọ̀ Ìyá Òkè, 3 láti ọ̀dọ̀ Àbúrò, tí ẹnikẹ́ni kò lò nísàlẹ̀. Ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ yìí ṣáájú mi ti lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn lókè nílẹ̀. Kí Ọlọ́run bù kún un.

Ọjọ́bọ̀, 6

Ó bàjẹ́.

Mo ṣètò ihò méjì lára Ìyá Ilẹ̀, méjì lára Ìyá Òkè, ìyára kan náà, ohun gbogbo bára mu. Mo pàṣẹ: ẹ di ọ̀kan. Tipátipá ni. Mi ò ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí ara wọn, kí ihò kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tó wà lódìkejì wáyà rẹ̀, torí mò ń kánjú. Mo ki wáyà 1 àti 2 bọ ihò. Kí n tó mí, kọ̀ǹpútà ìsàlẹ̀ ti ń dákú lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí Ìyá Ilẹ̀ bá rán gba ihò kan jáde, ihò kejì ló ń gbà padà wọlé. Kò mọ ilé ẹnikẹ́ni mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí n tó tú u.

Akọ̀wé káàdì, ẹni tó jókòó sórí àga mi àtijọ́, ní òun á bá mi nu àga náà sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rín, àmọ́ ó dùn mí wọnú eegun.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ọ̀gá kàn ń fi ìka lu lẹ́tà yẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8

Lọ́dọ̀ Bàbá mi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fa wáyà tẹlifóònù. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, etí rẹ̀ ṣì mú. Mo rojọ́ tán, ó ní kí ló dé tí mo so àwọn tí kò tíì kí ara wọn pọ̀. "Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé." Ó ní nọ́ńbà tí èèyàn lẹ̀ mọ́ wáyà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, iná ara àpótí ni kì í parọ́. Mo ní gbogbo èèyàn ló ń bú mi. Ó ní, "Wọn ò ní yìn ọ́ náà. Ọjọ́ tí wáyà bá dáa, kò sẹ́ni tó máa pè ọ́. Ọjọ́ yẹn ni kí o jó."

Ọjọ́ Ajé, 10

Mo débi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kí Ìyá méjèèjì kọ́kọ́ kí ara wọn. Ihò tí kò bá gbọ́ ìdáhùn, kó dá dúró. Wáyà 2 dáhùn. Wáyà 1 — kẹ́kẹ́ pa mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo yọ wáyà 1 lókè, mo sáré sísàlẹ̀. Iná rẹ̀ ṣì ń tàn! Ta wá ni ò ń bá sọ̀rọ̀? Mo tún gòkè, mo yọ 3 lára Àbúrò. Mo sọ̀ kalẹ̀: iná 1 ti kú.

Bíírò mi já bọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí Ìyá Ilẹ̀ wà, mo wọ́ wọlé lọ mú un. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ẹ̀yìn ni ọkùnrin yẹn dúró sí nígbà tó ń lẹ 1, 2, 3 rẹ̀ nísàlẹ̀! Fún ẹni tó wà níwájú, 1 rẹ̀, 3 ni. Èyí tó wà láàárín nìkan ló bọ́ sípò. Mo rẹ́rìn-ín títí eruku fi há mi lọ́fun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo pààrọ̀ wọn. Wọ́n kíra wọn. Ihò méjèèjì dáhùn. WỌ́N TI DI Ọ̀KAN! Dókítà mẹ́ta ṣí àwòrán lẹ́ẹ̀kan náà — wàrà! Mo pa ètò náà mọ́ sínú Ìyá méjèèjì, kí iná má baà lọ kó gbé e lọ. Ọ̀gá ní a ó máa wò ó di Ẹtì.

Ọjọ́rú, 12

Mo jẹun yó. Mo sùn.

Ọjọ́ Ẹtì, 14

Aago mẹ́wàá àárọ̀. Káfíńtà tó ń tún àjà tí wáyà wa gbà kọjá ṣe kan ìṣó. Lójú mi báyìí, iná wáyà kan nínú méjèèjì kú lára Ìyá Ilẹ̀; ìkejì nìkan ló kù tó ń gbé ẹrù. Wọ́n ń to itan ìyá àgbà kan lọ́wọ́ lókè, àwòrán ni wọ́n sì ń wò tò ó.

Mo tẹjú mọ́ fóònù. Aago mọ́kànlá. Méjìlá. Fóònù ò dún.

Aago méjì, Ọ̀gá wọlé pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀. Mo fi iná tó kú hàn án. Ó béèrè ìgbà tó kú. Mo ní láti aago mẹ́wàá, sà. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo àjà, ó pe dókítà òkè. Mo gbọ́ ohùn dókítà: ìṣòro wo? Wọ́n ti to itan màmá tán, àwòrán ò dúró rí. Ọ̀gá ká lẹ́tà náà, ó nà án sí mi. Ó ní kí n fi nu eruku ara àpótí mi.

Àpótí MI. Ó sọ bẹ́ẹ̀.

Mo pe Bàbá. Ó ní ta ló pè mí lónìí. Mo ní kò sẹ́nì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ sínú fóònù. Mo jó. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì, láàárín wáyà, mo jó débi pé gèlè mi tú. Akọ̀wé káàdì yọjú, ó ní kí ló ṣẹlẹ̀.

Mo ní kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.